Líle àti dídára omi ní gúúsù Èkìtì

Omi tí àwọn ará Ìgbàrà-Odò, Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń lò máa ń wá láti inú kànga, bọ́ọ̀hóòlù, odò, ìsun, òjò àti ẹ̀rọ omi ìjọba. Ìgbàrà-Odò wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlawẹ̀-Èkìtì. Ó yàtọ̀ sí Ìgbàrà-Òkè tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nítorí irú àpáta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí, omi ibẹ̀ sábà máa ń rọ̀ tàbí kí ó le díẹ̀. Irin, ásíìdì àti kòkòrò àrùn inú omi ni ó yẹ kí a kíyè sí ju líle rẹ̀ lọ.

Ohun tí líle omi jẹ́

Omi òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní èròjà ilẹ̀ kankan nínú. Bí ó ti ń gba inú ilẹ̀ àti àpáta kọjá ni ó ń yọ́ èròjà wọn mọ́ra. Kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù ni èròjà tí ó ń mú omi le. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú omi líle, omi náà a sì máa fi èépá funfun sí ìdí ìkòkò tí a fi ń sè é. Oríṣi líle méjì ni ó wà: ọ̀kan máa ń lọ bí a bá se omi, èkejì kì í lọ.

Mílígíráàmù nínú lítà kan ni a fi ń wọn líle omi, bí ẹni pé kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni gbogbo èròjà náà. Omi tí ó ní 0 sí 60 rọ̀. Èyí tí ó ní 61 sí 120 le díẹ̀. Èyí tí ó ní 121 sí 180 le. Èyí tí ó bá ju 180 lọ le gan-an. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, NIS 554, fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí 150. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lélẹ̀ nítorí ìlera, torí pé líle omi kì í sábà pa ènìyàn lára.

Àpáta àti orísun omi

Orí àpáta líle àtayébáyé, irú bíi gíránáìtì, ni Èkìtì wà. Òkè Olósùnta àti Òrólè ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Irú àpáta yìí kì í tètè yọ́ sínú omi. Ó yàtọ̀ sí ilẹ̀ Ewékorò àti Ṣágámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi ìlú Lọ́ńdọ̀nù le nítorí òkúta ẹfun bẹ́ẹ̀, àwọn Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ sì mọ èépá rẹ̀ dáadáa.

Àpáta líle kì í gba omi sára. Inú ilẹ̀ tí ó bo àpáta àti inú sísán àpáta ni omi máa ń wà. Ìdí nìyí tí kànga fi ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí bọ́ọ̀hóòlù kan fi lè ní omi púpọ̀ kí ti àdúgbò kejì má ní rárá. Ní Ìkògòsì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ń ṣàn pàdé ara wọn.

Omi ẹ̀rọ ìjọba

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Lára àwọn ìdídò tí ó wà fún omi ẹ̀rọ ni ti Ẹ̀rọ, Ẹgbẹ, Ìtapájì àti Ùrẹ̀jẹ̀. Wọ́n máa ń fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí omi sílẹ̀, wọn a fi iyanrìn sẹ́ ẹ, wọn a sì fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí omi kò bá ṣàn déédéé nínú páìpù tí ó ti lu, omi ìdọ̀tí ìta lè wọlé sínú rẹ̀.

Irin àti ásíìdì

Ìlànà Nàìjíríà fẹ́ kí pH omi wà láàrin 6.5 sí 8.5. Omi rírọ̀ tí ó ní ásíìdì máa ń jẹ páìpù irin. Omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ lè mọ́ gaara bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, kí ó sì pọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́. Òdiwọ̀n irin jẹ́ 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí omi náà, kí ó sílẹ̀, kí a sì sẹ́ ẹ, irin inú rẹ̀ yóò dín kù.

Kòkòrò àrùn

Omi tí ó mọ́ gaara lójú lè ní àrùn nínú. Kànga tí kò jìn tí ó sì wà nítòsí ṣáláńgá lè fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli kankan nínú 100 mílílítà omi mímu. Sòbìà tí omi ọ̀gọ̀dọ̀ ń fà ti tán ní Nàìjíríà: ọdún 2008 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Síse omi títí yóò fi hó yaya máa ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú náítíréètì kúrò. Èròjà yìí, tí ó lè wá láti inú ṣáláńgá tàbí ajílẹ̀, léwu fún ọmọ ọwọ́ bí ó bá ju 50 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ. Àyẹ̀wò nìkan ni a fi lè mọ̀ ọ́n.