Ẹjọ́ Elékòó àti Ààlà Agbára Ìjọba

Ẹjọ́ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó jẹ́ òpómúléró nínú ìtàn ààbò ará ìlú lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1925, ìjọba amúnisìn rọ ọba Èkó yìí lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n gbára lé fún Gómìnà láṣẹ bẹ́ẹ̀ kìkì bí àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè pé kí olóyè tí a rọ̀ kúrò ní ìlú.

Elékòó pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1931, Lord Atkin là á mọ́lẹ̀ pé aláṣẹ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun-ìní ọmọ-abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ó bá lè fi òfin gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níwájú adájọ́. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá wọ́n rọ Elékòó lóyè ní tòótọ́, àti bóyá àṣà ní kí ó lọ. Ọdún náà ni ó padà sí Èkó.

Ìlànà yìí kò parẹ́. Ní ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò gba ìwé ìrìnnà Olisa Agbakoba; ní ọdún 1999, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre. Abala 46 Ìwé Òfin ọdún 1999 sì gba ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú láyè láti lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó lo agbára ni yóò fi òfin rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ará ìlú ni yóò kọ́kọ́ béèrè.