Kétu àti Ìmẹ̀kọ lábẹ́ òyìnbó méjì

Ẹ̀yin ará wa ní Ladjifarani, ẹ mọ̀ pé Nikki wà ní Benin, Busa sì wà ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Bàrìbá kan náà ni tẹ́lẹ̀. Ní 1898 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín in. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwa Nàgó ni wọ́n kọ́kọ́ pín. Ní 1889, ní ìlú Paris, wọ́n fa ìlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu ti di ahoro nígbà náà, nítorí àwọn Dànhọ̀mẹ̀ ti fọ́ ọ ní 1886. Ní 1894 ni àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá tún un tẹ̀ dó.

Ẹ wo àwọn ọba méjèèjì. Láyé àtijọ́, Alákétu ni àgbà, Onímẹ̀kọ wà lábẹ́ rẹ̀. Faransé kò fẹ́ ọba tí yóò bá wọn pín àṣẹ. Kọmándà ló ń pàṣẹ. Ẹni tó bá wù ú ló ń yàn láti gba owó orí àti láti kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìgba owó. Alákétu ṣì ń dé adé, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní indigénat: kọmándà lè fi í sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ 15 láìgbé e dé kóòtù.

Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀, wọn kò sì fẹ́ náwó. Ọba ni wọ́n fi ń ṣèjọba. Ọba ń dájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ọba ń gba owó orí, òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni Onímẹ̀kọ ṣe ń ga sí i, tí Alákétu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ń rẹlẹ̀.

Ẹ má rò pé àánú ni o! Ọba tí òyìnbó gbè lẹ́yìn kì í fẹ́ gbọ́ ti ìlú mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò fi dìde ní 1916. Ní 1918, owó orí wà lára ohun tó fa Ogun Àdùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Síbẹ̀, ti Faransé wúwo jù. Nígbà ogun 1914, wọ́n ń kó ọmọkùnrin lọ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí bá wọn jà. Ní 1919, Faransé ṣe òfin tó fi dandan lé e: ọdún mẹ́ta ni ẹni tí wọ́n bá mú yóò lò. Kí ni àwọn ará Kétu ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ ìbátan wọn lápá Ìmẹ̀kọ. Ọ̀nà náà kò jìn, kò sì sí ògiri níbẹ̀.

Ní 1946 ni Faransé fòpin sí indigénat àti iṣẹ́ tipátipá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọdá kò padà mọ́. Wọ́n ti ní oko àti ilé lọ́hùn-ún.