Ìjì àti Ọkọ̀ Òfurufú Tí Ń Gbéra

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti sọ Abidjan di ilé kejì. Àwọn ará Ẹjìgbò pọ̀ nínú wọn, òwò ni ó sì gbé wọn débẹ̀. Ní Treichville àti ní Adjamé, títí dé àdúgbò ọjà tí a ń pè ní Roxy, ìròyìn ilé kì í jìnnà sí etí wọn, nítorí pé bí ẹnì kan ti ń lọ ni ẹlòmíràn ń bọ̀. Ọ̀nà orí ilẹ̀ láti Abidjan dé Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ó gba Accra, Lomé àti Kùtọnu kọjá, ibodè mẹ́rin sì wà lójú ọ̀nà náà. Ọkọ̀ òfurufú ni ó sọ ìrìn yìí di ti wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ń gbéra ní Abidjan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí ẹni tí ó wà ní Ẹjìgbò tàbí ní Èkó.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2000, ọkọ̀ Kenya Airways kan ń bọ̀ láti Nairobi. Èkó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bà sí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú gidigidi ní Èkó lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ náà kò bà níbẹ̀. Ó kọjá lọ sí Abidjan tààrà. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni èyí. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó tún gbéra ní Abidjan láti padà sí Èkó àti Nairobi, ènìyàn 179 sì wà nínú rẹ̀, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ láàárín wọn. Bí ó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni ìkìlọ̀ dún pé agbára tí ó gbé ọkọ̀ sókè fẹ́ tán. Ìkìlọ̀ èké ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀. Òru ni, òkun ni ó wà níwájú, ojú kò sì lè mọ bí omi ti súnmọ́ tó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ náà fi wọ inú òkun. Ènìyàn 169 kú. 10 péré ni ó yè.

Kì í ṣe ìjì ni ó já ọkọ̀ yìí lulẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra, àyè ìrònú kò sí mọ́. Bí ọ̀ràn bá wá di ti ìjì, àyè náà tún dín kù sí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ìtàn ìjì àti ìgbéra.

Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn kọjá lára apá ọkọ̀ òfurufú ni ó ń gbé e dúró. Nítorí náà ni awakọ̀ fi ń kọjú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Afẹ́fẹ́ iwájú a máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ náà bá yí padà lójijì tí ó di ti ẹ̀yìn, agbára tí ó gbé ọkọ̀ dúró yóò dín kù lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì ga ju ọ̀pẹ mẹ́ta lọ. Ti ọkọ̀ kékeré tún le jù bẹ́ẹ̀. Cessna 172, ọkọ̀ oníjókòó mẹ́rin tí a mọ̀ káàkiri ayé, a máa gbéra nígbà tí eré rẹ̀ bá tó nǹkan bí 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn tí ó ṣe é fi dán an wò kò ju nǹkan bí 28 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò nílẹ̀ wa a máa fi ìlọ́po ju èyí lọ.

Inú irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni awakọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Láti ọdún 1964 ni Nàìjíríà ti ní ilé-ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ yìí ní Zaria. Ẹni tí kò bá kọ́ láti dúró de ìjì nígbà tí ó ń wa ọkọ̀ kékeré, yóò ṣòro fún un láti dúró nígbà tí ọgọ́rùn-ún èrò bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ Argonaut ti ilé-iṣẹ́ BOAC gbéra ní Kano, ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn 45 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò tíì ga ju nǹkan bí 250 ẹsẹ̀ bàtà lọ nígbà tí ó kó sínú ìjì àrá. Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, òjò ńlá bò ó, ọkọ̀ náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kọlu igi. Ènìyàn 32 kú. Àwọn olùwádìí sọ pé ìjì náà kì í ṣe èyí tí a lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. A kò lè dá awakọ̀ lẹ́bi nítorí ohun tí ìmọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ kò tíì dé.

Ìmọ̀ náà dé lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1975, ọdún 19 géérégé sí ti Kano, ọkọ̀ kan já ní New York bí ó ti ń bà nínú ìjì, ènìyàn 113 sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tetsuya Fujita, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, yẹ ọ̀ràn náà wò. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ inú ìjì àrá a máa já wálẹ̀ bí omi tí a dà sílẹ̀, bí ó bá sì kan ilẹ̀, a fọ́n ká síhà gbogbo. Ọkọ̀ tí ó bá gba àárín rẹ̀ kọjá yóò kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ iwájú tí ń tàn án jẹ; èyí tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀yìn yóò dé. Ní oṣù Keje ọdún 1982, irú ìjì bẹ́ẹ̀ já ọkọ̀ Pan Am kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní New Orleans, ènìyàn 145 tí ó wà nínú rẹ̀ àti àwọn 8 tí ó wà nílẹ̀ sì kú. Ní ọdún 1988, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ èrò ńlá máa ní ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ irú afẹ́fẹ́ yìí.

Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, kò sí awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́. Lọ́jọ́ náà, Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ ADC gbéra ní Àbújá láti lọ sí Sokoto, nígbà tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi já lulẹ̀ nítòsí pápá náà. Nínú ènìyàn 105, 96 kú, Sultan Sokoto, Alhaji Muhammadu Maccido, sì wà lára wọn. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tí a mọ̀ pé kò dára, àti pé, nígbà tí wàhálà dé lókè, a kò tẹ̀lé ìlànà tí ó yẹ. Kí ọdún méjì tó pé kí èyí tó ṣẹlẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ òfurufú méjì mìíràn ti pa ju 200 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni òfin tuntun fún àjọ tí ń bójú tó ọ̀ràn òfurufú ní agbára láti dá dúró.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Kano jìn sí kòtò nígbà tí òkùnkùn ṣú. Ojúmọ́ ti mọ́ kí ti Àbújá tó ṣẹlẹ̀. Kí ni ó ń mú awakọ̀ gbéra nígbà tí ó yẹ kí ó dúró? Ìkánjú èrò wà níbẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ tí ń ṣòfò wà níbẹ̀. Ìgbójú ẹni tí ó ti gbéra nínú ìjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣe é wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí ni ó sì léwu jù. Ìjì tí ó jẹ́ kí ènìyàn kọjá lánàá kò bá a mulẹ̀ nípa tòní.

Òfin àgbáyé fi ìpinnu ìkẹyìn sí ọwọ́ ọ̀gá awakọ̀. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í sì í sábà pẹ́ kí ó tó kọjá. Oníṣòwò tí ń ti Adjamé bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, tí ó gbọ́ pé ọkọ̀ yóò dúró de ojú ọjọ́, kò ní ìdí láti pariwo lé awakọ̀ lórí. Àwọn tí ń dúró yẹn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.