gbohùn sílẹ̀

Ìsọ̀rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, *gbà … sílẹ̀*, tí *ohùn* jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: *gba ohùn* → *gbohùn*. Ọ̀rọ̀-orúkọ: *ìgbohùnsílẹ̀* (iṣẹ́ náà), *agbohùnsílẹ̀* (ẹ̀rọ tàbí ẹni tí ń ṣe é).

Ìtumọ̀. Kí a fi ẹ̀rọ mú ohùn tàbí orin pamọ́, kí a lè tún un gbọ́ nígbà mìíràn.

Àpẹẹrẹ.
1. *Ọjọ́rú ni wọ́n gba ohùn gángan sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gba ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.*
2. *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tíì máa gbohùn sílẹ̀.*

Ìlò. Àbọ̀ ni ó ń pinnu ìtumọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ́ àbọ̀, *gbà sílẹ̀* di kí a yọ onítọ̀hún nínú ewu tàbí ìdè. *Wọ́n gba akọrin náà sílẹ̀* kò sọ nǹkan kan nípa sítúdíò. *Wọ́n gba ohùn akọrin náà sílẹ̀* ni ó tọ̀nà. *Ká sílẹ̀* bá ohùn àti fídíò mu. *Ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù* wọ́pọ̀ lẹ́nu ju inú ìwé lọ.

Àmì ohùn. *Gbohùn* wá láti ara *gbà*. *Gbóhùn* lè wá láti ara *gbọ́*, bí ó ti wà nínú *gbóhùn mi*, tàbí láti ara *gbé*, bí ó ti wà nínú *agbóhùnsáfẹ́fẹ́*. Bí a bá yọ àmì kúrò, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá gbígbà ni a ní lọ́kàn tàbí gbígbọ́.

Fún atúmọ̀: gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "monitor" ń dá ìṣòro sílẹ̀ nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà sọ́fítíwíà orin. *Ṣàmójútó* kọ́ ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀, bí kò ṣe kí akọrin *máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀* bí ìgbohùnsílẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ènìyàn lè gbọ́ ara rẹ̀ ketekete nínú hẹ́dífóònù kí ohunkóhun má sì wọ inú fáìlì, bí kò bá tíì yan tráàkì náà fún ìgbohùnsílẹ̀.

Bákan náà, kí a ya *ìwọ̀n ohùn tí ń wọlé* sọ́tọ̀ kúrò lára *ìwọ̀n ohùn tí a ń gbọ́*. Òdo dẹ̀síbẹ̀lì ni òpin òkè nínú ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà. Ohùn tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ nígbà tí ó ń wọlé yóò gé lórí, yóò sì máa ha. Bí a bá dín ohùn hẹ́dífóònù kù, etí yóò sinmi, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti bàjẹ́ nínú fáìlì kò ní tún ṣe.

Pípẹ́ dé etí. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń kó ìwọ̀n 256 jọ lẹ́ẹ̀kan, ìkójọ yìí nìkan gba nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ 1,024, ó di nǹkan bí ìdá 21, akọrin sì lè máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ní ọ̀nà tààrà tí ohùn lè gbà dé etí láì kọ́kọ́ gba inú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ṣí ọ̀nà yìí, kí a pa ti inú sọ́fítíwíà. Bí méjèèjì bá ṣí papọ̀, akọrin yóò gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí atúmọ̀ má ṣe pe àṣìṣe yìí ní *gbohùngbohùn*. Ohùn tí ó ta padà láti ara ògiri tàbí òkè ni *gbohùngbohùn*, a sì tún ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ẹ̀rọ. *Ohùn ń pẹ́ dé etí* kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú.