LibreOffice láàárín àwọn tó ń lo Word: ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Rẹ́mọ mọ̀

Ẹni tó bá fi LibreOffice kọ lẹ́tà nílé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tó wá gbé fláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ṣágámù kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ jáde, lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn: "Bọ̀dá, fáìlì yín ò ṣí o." Fáìlì náà kò bàjẹ́. Ìparí orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ .odt, bẹ́ẹ̀ .doc àti .docx ni ojú ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn mọ̀. Òun náà lè má mọ̀ pé láti ọdún 2009 ni Word fúnra rẹ̀ ti ń ṣí .odt. Tó bá kọ́kọ́ ṣí Word, tó wá ti inú rẹ̀ lọ síbi "Open" láti mú fáìlì náà, lọ́pọ̀ ìgbà á jáde.

LibreOffice jẹ́ àkójọpọ̀ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀fẹ́ sì ni. Writer ló dúró fún Word, Calc fún Excel, Impress fún PowerPoint. Kóòdù tí wọ́n fi ṣe é wà ní gbangba: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wò ó, lè tún un ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè fún ẹlòmíì láìjalè. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Èyí tí wọ́n ń lò lórí Windows lé ní 300MB, nítorí náà dátà díẹ̀ máa lọ sí i, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan ni. Bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá ti wà á sílẹ̀, ó lè fi fláàṣì pín in fún gbogbo àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, kò sì sí pé wọ́n ń yọ owó lọ́dọọdún.

Jámánì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Marco Börries ti dá ilé-iṣẹ́ Star Division sílẹ̀ ní 1985. Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà rà á ní 1999, wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ sí gbangba lọ́dún tó tẹ̀ lé e lórúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n yà kúrò, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì pe iṣẹ́ tiwọn ní LibreOffice. OpenOffice ṣì wà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, LibreOffice ni kó mú. Òun ni wọ́n ń tún ṣe dáadáa.

Kí ló dé tí èèyàn ò fi ní jókòó sórí Word tí gbogbo ayé ń lò? Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Kì í ṣe àṣírí pé ọ̀pọ̀ Word tó wà lórí kọ̀ǹpútà láyìíká wa kì í ṣe èyí tí wọ́n sanwó fún. Kíráàkì ni wọ́n fi ṣí i, kíráàkì yẹn sì wà lára ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì fi ń wọlé. Ilé-ìwé tó bá tìtorí pé kò fẹ́ náwó fi kíráàkì sórí kọ̀ǹpútà tí èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ wà ti fi nǹkan ńlá wewu.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Nàìjíríà rí, kì í sì í ṣe ní kékeré. Ní 2007, kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel 17,000 ni wọ́n fẹ́ rà fún àwọn ilé-ìwé lórílẹ̀-èdè yìí. Linux tí Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé, ṣe ló yẹ kó wà lórí wọn. Kóòdù Linux náà wà ní gbangba bíi ti LibreOffice. Àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí ìròyìn tó jáde pé wọ́n máa sanwó Mandriva o, ṣùgbọ́n Windows ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí USPF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, fi sọ pé Linux làwọn fẹ́.

Bí ìjọba bá pinnu, ó rọrùn, torí gbogbo ọ́fíìsì ló jọ ń ṣí lọ. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde ní 2024 pé kọ̀ǹpútà bí 30,000 máa kúrò lórí Microsoft Office bọ́ sórí LibreOffice. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlíṣàn tí Word wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀, kò ní irú agbára yẹn. Òun ló máa bá àwọn yòókù mu. Kò dáa tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó jẹ́ .docx nìkan ni yóò máa fi ránṣẹ́. Kó lọ síbi "Tools", "Options", "Load/Save", lẹ́yìn náà "General", kó yan Word onídocx níbi tí wọ́n kọ "Always save as" sí. Láti ìgbà náà, LibreOffice á máa tọ́jú gbogbo lẹ́tà tuntun bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá béèrè bóyá kí òun yí i padà sí ODF, kó má gbà. Fáìlì tó ń lọ láti .odt sí .docx tó tún ń padà, tó ń lọ tó ń bọ̀, dà bí aṣọ tí wọ́n ń tú ránṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ibì kan á ya níbẹ̀.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń dá LibreOffice lẹ́bi fún, ọwọ́ ẹni tó tẹ iṣẹ́ náà ló ti wá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ìka tẹ àlàfo ní ogún ìgbà kí àkọlé lè dé àárín ojú ewé. A ń tẹ "Enter" títí tí a ó fi bọ́ sí ojú ewé kejì, a sì ń fi ọwọ́ tẹ àmì tóótòòtó nínú ojú ewé àkóónú. Ó máa dúró dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó dé orí òmíràn, orí kẹta tó yẹ kó wà ní ojú ewé 41 ti di 43, olùkọ́ á sì ní kí ọmọ lọ tún un ṣe. Bí wọ́n bá gbé Word kan lọ sórí Word mìíràn gan-an, ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá lo "Heading 1" fún àkọlé, tó lo "Page Break" láti bọ́ sí ojú ewé tuntun, tó sì jẹ́ kí ètò náà fúnra rẹ̀ to àkóónú, kò ní rí ìdajì wàhálà yẹn.

Ibi kejì tí nǹkan ti ń yẹ̀ ni fọ́ǹtì. Microsoft ló ni Calibri àti Cambria, nítorí náà wọn kì í bá LibreOffice wá. Carlito àti Caladea ni LibreOffice fi rọ́pò wọn: ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bára mu, ìlà kì í sì í yẹ̀. Liberation Serif ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Times New Roman. Aptos, tí Microsoft kéde ní 2023 pé ó máa rọ́pò Calibri, kò ní ìbejì bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ yáa fẹnu kò sórí Times New Roman.

Ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ̀wé ní tirẹ̀ láti gbé. Nínú Unicode, kò sí ẹ́ tàbí ọ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan: lẹ́tà onídòódò ni ẹyọ kan, àmì ohùn orí rẹ̀ sì ni ẹyọ kejì. Fọ́ǹtì tí kò gbọ́n á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó di àpótí kékeré. Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n gbé, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Bí ìwé àdúrà tàbí ètò ìsìnkú bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kí wọ́n lọ sí "File", "Properties", "Font", kí wọ́n fọwọ́ sí "Embed fonts in document", kí fọ́ǹtì náà lè bá fáìlì rìn. Àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀, níbi tí lẹ́tà òyìnbó kan ti ń ṣe bí ẹ, LibreOffice kò ní tò wọ́n fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe tí ọ̀gá bá fi "Track Changes" ṣe nínú Word máa hàn nínú Writer, èyí tí òṣìṣẹ́ bá ṣe náà á hàn sí ọ̀gá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é.

Níbi Calc, SUM, IF àti VLOOKUP ń ṣiṣẹ́ bíi ti Excel. Macro ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Bí ìwé owó oṣù tàbí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń ṣírò fúnra rẹ̀, ó lè má ṣiṣẹ́, tàbí kó ṣiṣẹ́ lábọ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ dán an wò, kí wọ́n sì fi Excel tó wà ní ọ́fíìsì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dá wọn lójú. Base pẹ̀lú kì í ṣe Access. Ẹni tí Access ló ń bá a ṣiṣẹ́, kó má ì yọ ọ́ kúrò.

Fún ohun tí wọ́n kàn fẹ́ tẹ̀ jáde, PDF ló dájú jù. Nígbà tí wọ́n bá ń lo "Export as PDF" nínú LibreOffice, "Hybrid PDF" wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fọwọ́ sí. Ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà á rí i bíi PDF lásán, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹni tó ni ín bá délé, tó rí àṣìṣe kan nínú orúkọ, á fi LibreOffice ṣí PDF kan náà, á sì tún un kọ.