Magnetic resonance spectroscopy nínú àyẹ̀wò kókó ọpọlọ

Magnetic resonance spectroscopy, tí a gé kúrú sí MRS, jẹ́ ọ̀nà àyẹ̀wò tí a fi ń mọ àwọn èròjà kẹ́míkà tó wà nínú ẹran ara láìlo abẹ. Ẹ̀rọ MRI ni a fi ń ṣe é. Àwọn dókítà ń lò ó láti ya kókó ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àrùn tí àwòrán wọn jọ tirẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀

Lórí àwòrán MRI, kókó burúkú tí a ń pè ní glioblastoma àti eéwo inú ọpọlọ lè hàn bákan náà, bí òrùka tó yí àárín tó ṣókùnkùn ká. Síbẹ̀, ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Ọyún inú eéwo ni a sábà máa ń fà jáde, tí a ó sì fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò kíákíá. Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn jẹjẹrẹ ni ti glioblastoma. Àṣìṣe níbí lè gba ẹ̀mí aláìsàn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àmì háídrójìn inú omi àti ọ̀rá ni MRI fi ń ya àwòrán. MRS máa ń bo àmì omi mọ́lẹ̀ kí àmì àwọn èròjà yòókù lè hàn. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ lórí àtẹ àbájáde, níbi tó ti ń yọ bí ṣóńṣó òkè. Lórí òṣùwọ̀n ppm, NAA wà ní 2.0, kíríátínì ní 3.0, kólíìnì ní 3.2. Inú niúrọ́nù, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ, ni NAA pọ̀ sí. Kólíìnì ní í ṣe pẹ̀lú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí àbájáde ń fi hàn

* Kókó ọpọlọ: kólíìnì sábà máa ń ga nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ sí i, NAA a sì lọ sílẹ̀ nítorí pé kókó ti gba ipò niúrọ́nù.
* Eéwo tí bakitéríà fà: ásítéètì, súkísínéètì àti àwọn ámínò ásíìdì lè hàn nínú ọyún rẹ̀.
* Ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán ìtọ́jú pa: kólíìnì sábà máa ń kéré, ọ̀rá àti lákítéètì a sì pọ̀.

Ààlà rẹ̀

MRS nìkan kò tó láti dájọ́. Ọgbẹ́ ńlá tí àrùn multiple sclerosis dá sí ọpọlọ lè gbé kólíìnì sókè, kí ó sì dín NAA kù, gẹ́gẹ́ bí kókó ti ń ṣe. Àbájáde kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere bí ọgbẹ́ bá kéré jù tàbí tó bá sún mọ́ egungun agbárí. Nítorí náà, àwọn dókítà máa ń gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú àwòrán MRI àti ìtàn àìsàn náà. Bí iyèméjì bá ṣẹ́kù, wọn a gé díẹ̀ lára ẹran náà láti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù.