Ẹja Kékeré Kì í Ṣe Ọmọ Ẹja

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ní ọjà Dọ̀pẹ̀mú, mo rí epìyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ọmọ ẹja lẹ wá ń tà báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó la ikùn ọ̀kan, ẹyin kún inú ẹ̀. "Bàbá, aboyún lẹ ń pè lọ́mọ yẹn o." Ojú tì mí. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ yín ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀!

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Odò Gambia àti odò Saloum ní Senegal kò jìnnà síra. Nígbà tí ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ Sahel láti òpin àwọn ọdún 1960, omi tó ń ṣàn wọ Saloum dín kù gan-an. Oòrùn ń fa omi lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù, títí tí omi apá òkè fi níyọ̀ ju òkun lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Gambia kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ṣì ń ti òkè wá.

Epìyà kan náà, irú tó wà nínú ọ̀sà Èkó, ló ń gbé odò méjèèjì. Ní 2004, Jacques Panfili àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọ́n wéra. Ti Saloum kì í tètè tóbi, síbẹ̀ ara rẹ̀ kéré tó ti ń bímọ. Ìwọ̀n ara kò sọ ọjọ́ orí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wo òkúta kékeré inú etí ẹja: ó ń ní ìpele lórí ìpele bí ẹja ṣe ń dàgbà, bí ìlà inú ìtì igi.

Ibùgbé tún lè pín ọjọ́ ayé. Ní 1968, wọ́n rí ẹja kékeré kan ní Gonarezhou, ní Zimbabwe òde òní, tí a ń pè ní Nothobranchius furzeri. Inú kòtò omi òjò ló ń gbé. Kó tó gbẹ, ó ti dàgbà, ó ti yé ẹyin sínú ẹrẹ̀. Ẹyin ló ń dúró de òjò mìíràn. Ìran tí wọ́n kó níbẹ̀ kì í sábà pé ọdún kan, kódà nínú omi tí kì í gbẹ.

Ṣé ẹ rí i, òfin tó bá ń fi ìwọ̀n ara dáàbò bo ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé: inú omi wo? Ìwọ̀n tí a bá mú ní Saloum, bí a bá lò ó ní Gambia, yóò pa èyí tí kò tíì bímọ rí.

Mo ra epìyà náà. N kò pè é lọ́mọ mọ́.